Bí Ìjọba Bá Ká Èèwọ̀ Kúrò, Ta Ni Yóò Ṣe Ètùtù?

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ìsinmi Kérésìmesì, Àǹtí mi tó ń gbé ní Chicago fi àwòrán rìsíìtì kan ránṣẹ́ sórí fóònù màmá mi. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni Àǹtí mi ń ṣe níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí orúnkún ń dà láàmú ló ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, kí òun lè ra ohun tí òun ó máa fi dín ìrora kù. Ohun tí ìyá náà rà, igbó ni.

Àǹtí mi ní ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó yẹ káàdì ìdánimọ̀ ìyá náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo irun orí rẹ̀ ló ti funfun, nítorí òfin sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ rà á. Inú ilé náà mọ́ tónítóní bí ilé ìtajà oògùn. Inú ike tí wọ́n lẹ̀ pa ni gbogbo ọjà wà, wọ́n sì kọ bí ó ṣe le tó sí i lára. Nígbà tí ìyá náà sanwó tán, wọ́n fún un ní rìsíìtì yẹn, owó orí sì tò sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà: ti ìpínlẹ̀, ti ẹkùn, ti ìlú.

Màmá mi ka rìsíìtì náà sókè fún wa. Màmá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lórí àpótí. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ṣé igbó tí a mọ̀ yìí náà ni, àbí òmíràn ni tiwọn?"

"Òun náà ni, mà."

"Ìjọba ló ń gba owó tí ẹ kà yẹn?"

"Ìjọba ni, mà."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ní, "Àwọn tí wọ́n ti tì mọ́lé nítorí rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Màmá mi pa fóònù, a sì lọ gbé ẹ̀wà kaná. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ fi àròkọ yìí yẹ̀ wò. Kí ó má bàa sí àṣìgbọ́, n kò mu igbó rí, n kò sì kọ èyí láti polówó rẹ̀. Mo ti rí ohun tí ó sọ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa dà, ẹni tó máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀ rí. Bóyá igbó dára tàbí kò dára kọ́ ni mo ń béèrè. Mo ń béèrè pé nígbà tí ìjọba bá sọ pé ohun tí òun fi ń ti ènìyàn mọ́lé lánàá ti di ọjà lónìí, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

Ẹni tí kò mọ bí ọjà kan ṣe ń ná kò lè sọ pé ẹ̀rú wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí. Amẹ́ríkà dà bí agbo ilé kan tí àádọ́ta ilé wà nínú rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 to igbó sí ìpele kìíní láàárín àwọn oògùn tí ó léèwọ̀ jù lọ, ibi kan náà tí wọ́n to heroin sí. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ará Colorado àti Washington dìbò pé kí àgbàlagbà lè máa rà á. Láti ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ti ń ṣe òfin tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014. Ti Illinois, níbi tí Àǹtí mi wà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Illinois kò tilẹ̀ fi ìbò ará ìlú ṣe é. Àwọn aṣòfin ló jókòó tí wọ́n kọ ọ́, gómìnà sì fọwọ́ sí i.

Nínú òfin Illinois, ẹni tó ń gbin igbó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ẹni tó ń pò ó mọ́ suwíìtì àti bísíkíìtì ní tirẹ̀, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé e kiri ní tirẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sì ní tirẹ̀. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tọ ipa rẹ̀ láti oko dé orí káńtà, kí èyíkéyìí má bàa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìlú tí kò bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ lágbára láti kọ̀ ọ́. Owó orí rẹ̀ ń tẹ̀lé bí igbó náà ṣe le tó. Bí èròjà tí ń yí ènìyàn lójú, tí wọ́n ń pè ní THC, kò bá ju ìdá 35 nínú 100 lọ, owó orí ìpínlẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ìdá 25. Èyí tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ jẹ́ ìdá 20. Kí ó sì tó dé ṣọ́ọ̀bù rárá, ẹni tó gbìn ín ti san ìdá 7 lórí títà àkọ́kọ́. Ti ẹkùn àti ti ìlú kò sí nínú èyí o.

Apá kan nínú ètò yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Igbó tí wọ́n gbìn ní Illinois kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Illinois, nítorí òfin àpapọ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ìpínlẹ̀ méjì. Gbogbo ìpínlẹ̀ tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ gbin tirẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ní kí Èkó máa gbin iṣu tirẹ̀ sáàárín àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí pé iṣu Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ wọ Èkó. Ọ̀pọ̀ báńkì ńlá kì í fẹ́ gba owó àwọn oníṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ń bẹ̀rù ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń gba owó lọ́wọ́ bí alátẹ. Òfin owó orí kan sì wà láti ọdún 1982 tí kò jẹ́ kí ẹni tó ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ yọ owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni òwò náà, ó sì ń gba owó orí lórí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún, owó orí tó wúwo ju ti olódodo lọ.

Ní gúúsù Chicago, ìlú Calumet City tó jẹ́ ti Illinois àti ìlú Hammond tó jẹ́ ti Indiana fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Títì ni ààlà wọn. Indiana kò gba igbó láyè. Ẹni tí igbó wà lápò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan títì náà jẹ́ oníbàárà tó ti san owó orí. Bí ó bá sọdá láti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti di arúfin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni, àpò rẹ̀ kan náà ni, igbó kan náà ni. Kí ló yí padà?

Àwa Yorùbá kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu jù. Èèwọ̀ ilé kan lè jẹ́ oúnjẹ ilé kejì. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ òkété, ìdílé tó kángun sí i sì ń fi òkété se ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ń sọ pé òkété burú nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí olè jíjà jẹ́ oúnjẹ. Kò sí ìlú tí a ti lè sọdá títì kí ìpànìyàn di òwò. Mo gbà nítorí náà pé oríṣi àìtọ́ méjì ló wà: èyí tó burú níbi gbogbo, òfin kàn ń jẹ́rìí sí i ni, àti èyí tí òfin fúnra rẹ̀ sọ di àìtọ́, tí òfin sì tún lè sọ di títọ́. Nínú oríṣi kejì ni igbó wà. Ó ń ṣe ìpalára, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọtí náà ń ṣe é, a sì ń fi ọtí tọrọ ìyàwó.

Òfin irú kejì yìí lè lọ, ó sì lè bọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Thailand yọ igbó kúrò nínú ìwé àwọn oògùn tí ó léèwọ̀, ṣọ́ọ̀bù sì kún ìgboro. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún yí òfin padà pé ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ dókítà nìkan ni kí wọ́n máa tà á fún. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹni tí wọ́n mú ní ọdún 2021 àti ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọdún 2023 lè jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Lẹ́yìn tí mo ti sọ èyí ní ilé, màmá àgbà sọ ìtàn kan fún mi tí n kò gbọ́ rí. Ará Ìkálẹ̀ ni bàbá tó bí wọn. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ìjọba fi òfin de ògógóró tí àwọn ènìyàn wa ń pọn láti ara ẹmu ògùrọ̀. Ọtí òyìnbó tó ń ti òkè òkun wá sì ń san owó orí ní èbúté, ó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú igbó ni bàbá náà máa ń gbé dọ́rọ́ọ̀mù àti páìpù rẹ̀ pamọ́ sí. Lọ́jọ́ kan ni àwọn agbófinró ìgbà náà dé, wọ́n fi àáké fọ́ dọ́rọ́ọ̀mù, wọ́n dà gbogbo ọtí sílẹ̀, wọ́n sì mú bàbá lọ. Oṣù mẹ́fà ni bàbá lò lẹ́wọ̀n. Oko kòkó tí wọ́n fẹ́ dá lọ́dún náà kò ṣeé dá mọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá àgbà tó wà ní sítáńdáàdì kẹrin fi ilé ìwé sílẹ̀.

"Ṣé ẹ rí ògógóró tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n ń tà ní ìgboro lónìí?" ni màmá àgbà sọ. "Ṣé ẹ rí i tí wọ́n fi ń bọlá fún àna? Kò sí ẹni tó wá sílé wa wá sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe?"

Wọ́n ní bí ìdílé kan bá fẹ́ ká èèwọ̀ kúrò, wọn kì í ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n á pe ara wọn jọ, wọ́n á ṣe ètùtù, wọ́n á sì dárúkọ àwọn tí èèwọ̀ náà ti bá jà. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo wá ka ohun tí Illinois ṣe, ó yà mí lẹ́nu pé ó fara jọ ọ̀rọ̀ màmá àgbà. Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, rárá, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2019, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí títà bẹ̀rẹ̀, gómìnà J. B. Pritzker dárí ji àwọn ẹjọ́ igbó kéékèèké 11,017. Òfin náà tún ní kí wọ́n máa pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì ya ìdá 25 nínú 100 sọ́tọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún àwọn àdúgbò tí ogun oògùn olóró ti bà jẹ́. Wọ́n ṣe ètùtù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Inú mi dùn, mo sì gbé e lọ sí kíláàsì.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ohun tó dá mi dúró. A ń ṣe àríyànjiyàn ní iṣẹ́ Yorùbá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ sì dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi náà tálákà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta igbó, wọ́n ra ọ̀kadà. Òun kò tà á, ó ń ru bíríkì. Bí ìjọba bá wá ṣí ọjà lọ́la, tí wọ́n ní àwọn tó ti tà á ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù, kí ni wọ́n fún ẹni tó pa òfin mọ́?" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. N kò rí èsì kankan fọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ronú sí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi lágbára ni pé ohun tó sọ kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ohun tí New York ṣe gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tiwọn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ní ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù tí àwọn yóò kọ́kọ́ fún ènìyàn, àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí lórí igbó, tàbí ẹbí wọn, ni kí ó gbà á, bí wọ́n bá ti ṣe òwò kan tó mú èrè wá rí. Wọ́n tún fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ṣí ní Manhattan ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2022.

Èsì tí mo rí fún ọmọ kíláàsì mi nìyí, èmi fúnra mi kò sì rò pé ó tán. Ohun méjì ló wà tí òun pa pọ̀. Ọ̀kan ni kí á mú ìyà kúrò lórí ẹnì kan. Èkejì ni kí á fún un lẹ́bùn. Bí wọ́n bá pa orúkọ ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n rẹ́ nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n tó ń ru bíríkì kò pàdánù kọ́bọ̀. Bíríkì rẹ̀ kò wúwo sí i. Ìdáríjì kì í tán bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ń tán. Bí wọ́n bá fún ẹnì kan, ẹlòmíràn kò rí i gbà. Lórí ìyẹn, mo gbà pé ó ní ẹjọ́.

Síbẹ̀ ó ṣe àfiwé kan tí kò pé. Ó fi ẹni tó rú òfin wé ẹni tó pa òfin mọ́. Àfiwé tó yẹ ká tún ṣe ni ti ẹni tí wọ́n mú àti ẹni tí wọn kò mú. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ ACLU gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ń lo igbó bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú aláwọ̀ dúdú nítorí rẹ̀ ní ìlọ́po tó ju mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ọmọkùnrin méjì mu ún lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan ń gbé ní àdúgbò tí ọlọ́pàá ti ń rìn kiri, èkejì ń gbé ní ibi tí ọgbà ilé gùn, tí ajá ń ṣọ́ ọ. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ti àkọ́kọ́ ní àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n, kò rí báńkì yá a lówó. Ti èkejì ti di oníṣòwò, ó ní owó láti fi béèrè fún ìwé àṣẹ. Bí ìjọba bá wá ní "ẹni tó bá lówó, tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́, kí ó wá," ta ni ó pè? Kì í ṣe ẹni tó pa òfin mọ́ ni ó pè. Ẹni tí òfin kò rí ni.

Nígbà tí mo sọ èyí fún un ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ru bíríkì." Ó tọ̀nà.

Èrò rere kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ tó gbé e ló bà á jẹ́. Ní Illinois, wọ́n sọ pé àwọn tí òfin àtijọ́ pa lára yóò rí àyè nínú òwò náà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń tà á fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà láyè láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Fún ìwé àṣẹ tuntun 75, wọ́n fi máàkì yan ènìyàn bíi ti ìdánwò. Ẹgbẹ́ 21 péré ló gba máàkì pípé, wọ́n sì ní àwọn 21 wọ̀nyí nìkan ni wọn yóò fi orúkọ wọn ṣe kèǹgbè. Ẹni tó gba 99 nínú 100, ẹ ṣe é mà, ẹ máa lọ sílé. (Àwa tí a ń múra fún WAEC mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń dùn ènìyàn tó.) Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún òfin ṣe, ó sì di ọdún 2022 kí ìwé àṣẹ tó tẹ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́. Ọdún méjì ó lé ni àwọn tó ti lówó fi tà á láìsí ẹni tó bá wọn du ọjà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó mọ́.

Ti New York tún rí bákan. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ kò rí ilé yá, kò sí báńkì tó fẹ́ yá wọn lówó, owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣèlérí fà sẹ́yìn. Ní ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun tó ti fara pa lójú ogun pe ìjọba lẹ́jọ́ pé òfin dárúkọ àwa náà mọ́ àwọn tó yẹ kí a ṣojú àánú sí, kí ló dé tí ẹ fi fo wa? Adájọ́ dá ètò náà dúró fún oṣù mélòó kan. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ní ìlú New York, iná ń tàn yanran lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn kò san owó orí, ọmọdé sì ń rà níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí pé kò ní àṣẹ wá ní àṣẹ lọ́wọ́, ó sì ń wo ẹni tí kò ní in tó ń pa owó. Mo rò ó pé bóyá ìyà kejì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. New York ń gba ìdá 9 fún ìpínlẹ̀ àti ìdá 4 fún ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó iṣẹ́ kúrò, òfin ní kí ìdá 40 nínú ohun tó kù lọ sí ilé ìwé, ìdá 40 sí àwọn àdúgbò tí wọ́n ti mú ènìyàn jù, ìdá 20 sí ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ní Colorado, ìbò tí wọ́n dì ní ọdún 2012 sọ pé $40 mílíọ̀nù àkọ́kọ́ nínú owó orí kan lọ́dọọdún yóò máa lọ sí kíkọ́ ilé ìwé. Mo bi ara mi léèrè bóyá màá lè jókòó sínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Kíláàsì wa níbí ń jò.

Ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ wa ní kí n má da ara mi láàmú, pé owó ìgbẹ́ kì í rùn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òwe náà bá ibí mu. Agbépòó tọ́ ìlú ṣe. Ó kó ohun tó ń rùn kúrò nílé oníle, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi rùn. Ìjọba tó ń fi owó igbó kọ́ ilé ìwé wà ní ipò mìíràn: bí ènìyàn bá ṣe ń mu ún tó ni ilé ìwé yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá sọ owó orí di ńlá jù, àwọn oníbàárà yóò padà sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá sọ ọ́ di kékeré jù, yóò pọ̀ nílùú bí omi. Ẹni tó yẹ kó máa kìlọ̀ ti di ẹni tó ń ka owó. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ gbà á, èmi fara mọ́ ti New York ju ti Colorado lọ, nítorí owó tó bá padà sí ojú ọgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ sàn ju èyí tí a fi kọ́ ohun tuntun tó máa ń wá òmíràn sí i.

Ẹ lè ní kí ló kan ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó pẹ̀lú Chicago. Inú igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ wa ni wọ́n ti ń gbin ọ̀pọ̀ igbó tí wọ́n ń mu ní Nàìjíríà, láàárín oko kòkó, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí àjọ UNODC ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2018 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ló lò ó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Òfin ọdún 1966 sọ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ẹni tó bá gbìn ín. Òfin NDLEA ti ọdún 1989 sọ ẹ̀wọ̀n gbére. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, gómìnà wa ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, àti ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìtọ́jú aláìsàn, gómìnà sì sọ ní gbangba pé òwò ńlá ni ìpínlẹ̀ wa lè fi ṣe. Kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìwé àṣẹ yóò nílò ilẹ̀ tó ní ìwé, owó tó pọ̀, lọ́yà, àti ọ̀rẹ́ ní òkè òkun. Alágbàṣe tí wọ́n mú lóko, tí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló ni oko, kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ìyá alákàrà kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa. Ọmọ rẹ̀ ni mo ń ronú sí nígbà tí màmá àgbà béèrè ìbéèrè wọn, mo sì mọ̀ pé òun ni àwọn náà ń ronú sí. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n bá wéèpù mélòó kan lápò rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọdún méjì ló lò. Ìyá rẹ̀ ta fíríìjì tí ó fi ń ta omi tútù kí ó lè máa rí owó ọkọ̀ lọ wò ó. Nígbà tó padà dé, ó kọ́ iṣẹ́ fífi iná jó irin, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òun ló ṣe géètì ilé wa.

Mo lọ bá a kí n tó parí àròkọ yìí. Mo kà á létí ohun tí New York ṣe, mo sì bi í pé, "Bọ̀dá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tí wọ́n ní kí ẹ wá gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ máa gbà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò fẹ́ rí i mọ́ lójú òun, ká má tilẹ̀ sọ pé kí òun máa tà á. Ó wọ inú yàrá, ó mú ìwé kan jáde, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń wá àwọn tó mọ irin jó. Ó ti fi bírò bulúù kún un dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì gún. Àlàfo kan ló kù. Ó fi ìka tọ́ka sí i: "Ǹjẹ́ wọ́n ti dá ọ lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ rí ní ilé ẹjọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣàlàyé."

Ó ní, "Èyí ni kí wọ́n bá mi yọ." Ó wá bi mí bóyá mo ní bírò lọ́wọ́, nítorí tirẹ̀ ti tán, ó sì fẹ́ kí n bá òun ṣàlàyé náà kó lè gba inú ìlà méjì tí wọ́n fi sílẹ̀.